Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Láàpútọ́ọ̀pù Tí Ojú Rẹ̀ Ń Ṣókùnkùn Lójijì

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé sí wa lóṣù yìí ló ti ìwọ̀-oòrùn Kogi wá, láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni wọ́n ń sọ: ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ, àfi kí ojú rẹ̀ ṣàdédé dúdú. A ṣa àwọn tí àpèjúwe wọn yàtọ̀ síra, nítorí àrùn tó ń fa òkùnkùn yìí kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo yín fi sọ́kàn ni pé síkíríìnì wọ́n, òun sì kọ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi. Kí ẹ tó wọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin lọ ra òmíràn, tàbí kí ẹ ní kí wọ́n bá yín rà á ní Computer Village n'Íkẹjà, ẹ kọ́kọ́ ṣe àwọn àyẹ̀wò tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ọ̀kun o. Olùkọ́ girama ni mí ní Kàbbà. Tòkunbọ̀ ni láàpútọ́ọ̀pù mi, ínṣì 15.6 ni ojú rẹ̀. Bí mo bá ń tẹ ìbéèrè ìdánwò lọ, ojú rẹ̀ á dúdú, ṣùgbọ́n orin tí mo ń gbọ́ lórí rẹ̀ kò ní dúró. Nígbà míì, tí mo bá mi ìdérí rẹ̀ díẹ̀, ojú náà á padà. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n lọ ra síkíríìnì. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì rà á. Ohun méjì tí ẹ kọ ti tọ́ka sí ibi tí àrùn wà. Orin kò dúró, nítorí náà ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò kú, ojú rẹ̀ nìkan ni. Ìdérí tí ẹ mì ló sì mú un padà, ìyẹn ni pé nǹkan kan ń já, ó sì ń padà so, lójú ọ̀nà tí àwòrán ń gbà lọ sí síkíríìnì. Ọ̀nà náà ni wáyà pẹlẹbẹ kan tó ti orí bọ́ọ̀dù (pátákó ńlá inú ẹ̀rọ tí ohun gbogbo so mọ́) bọ́ sínú híńjì (irin tí ìdérí fi ń ṣí, tó sì fi ń padé), tó sì gun ẹ̀yìn síkíríìnì lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìdérí tàbí tí ẹ pa á dé, wáyà yẹn ń ká, ó ń nà. Bí híńjì bá le, tàbí tó ti ń dún kẹ́kẹ́, fọ́nrán inú wáyà á máa ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí àwòrán tàbí iná kò fi ní rí ọ̀nà kọjá mọ́.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó dá wa lójú. Ẹ dúró kí ojú náà dúdú, kí ẹ má pa ẹ̀rọ. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kí ẹ gbé e sún mọ́ síkíríìnì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ má tàn án sí i ní gbọnrangandan, torí ìmọ́lẹ̀ tó bá padà sí yín lójú kò ní jẹ́ kí ẹ rí nǹkan kan. Ẹ wò ó fínnífínní. Síkíríìnì kì í dá tàn. Iná LED tín-ín-rín kan tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ lódindi ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí lẹ́tà tí ẹ ń tẹ̀ fírífírí nínú òkùnkùn yẹn, àwòrán dé ibẹ̀, iná ẹ̀yìn ni kò tàn. Bí ẹ kò bá rí ohunkóhun, àwòrán gan-an ni kò dé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwòrán sábà máa ń jáde síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá jáde, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti P pọ̀, ẹ tẹ ọfà tó kọjú sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ Enter, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ń fi àwòrán hàn kedere nígbà tí ojú láàpútọ́ọ̀pù ṣì dúdú, RAM (ìrántí ẹ̀rọ), Windows àti èyí tó pọ̀ jù nínú bọ́ọ̀dù ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn. Ó ku wáyà, síkíríìnì, iná ẹ̀yìn àti ibi tí wáyà náà ti wọ bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n bí tẹlifíṣọ̀n náà bá dúdú, síkíríìnì tuntun kò ní ṣe yín ní oore kankan. Inú ẹ̀rọ ni kí ẹ ti máa wá a.

Èyí tó ń ya wáyà sọ́tọ̀ kúrò lára síkíríìnì ni híńjì. Ẹ ṣí ìdérí díẹ̀díẹ̀, láti ibi tó ti fẹ́ẹ̀ padé títí dé ibi tó ṣí tán, kí ẹ sì da á padà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibì kan náà ló ti ń dúdú ní gbogbo ìgbà, wáyà ni. Bí mímì kò bá yí ohunkóhun padà, tó jẹ́ pé ó ń dúdú nígbà tó bá wù ú, ẹ wo síkíríìnì tàbí bọ́ọ̀dù.

Tí ẹ bá ń ro Windows, ọ̀nà kan wà láti mọ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ F2 léraléra bó bá jẹ́ Dell, Acer tàbí Asus, F10 bó bá jẹ́ HP, F1 bó bá jẹ́ ThinkPad. Ojú ewé BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ dìde, á ṣí. Windows kò tíì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa mi ìdérí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá dúdú níbẹ̀, Windows kò mọwọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín láti tún Windows tò. Ẹni tó bá ń lo Dell tún ní àǹfààní kan: kó tẹ lẹ́tà D mọ́lẹ̀ bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì títàn. Síkíríìnì á máa fi dúdú, funfun, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù hàn tẹ̀lé ara wọn. Ẹ wò ó bóyá ilà tàbí àbàwọ́n wà nínú wọn.

Ọ̀gá tíṣà, lójú tiwa, wáyà ni tiyín. Owó rẹ̀ kò tó ti síkíríìnì rárá. Kó tó rọ́pò rẹ̀, kí atúnṣe yín kọ́kọ́ yọ orí rẹ̀ méjèèjì, kó sì dá wọn padà dáadáa, torí orí wáyà tó tú díẹ̀ máa ń ṣe bíi wáyà tó ṣẹ́. Tí kò bá yí padà, ẹ wo bébà kékeré tó wà lára wáyà náà gan-an: nọ́ńbà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DC02 tàbí DD0 lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi rà á. Orúkọ láàpútọ́ọ̀pù nìkan kò tó, nítorí irú ẹ̀rọ kan náà lè ní síkíríìnì tí orí wáyà rẹ̀ ní ihò 30 àti èyí tó ní ihò 40, wáyà wọn kò sì bára mu. Kí wọ́n tó fi tuntun sí i, ẹ ní kí wọ́n dẹ híńjì tó le yẹn, kí wọ́n sì kán òróró díẹ̀ sí i. Bí híńjì bá le síbẹ̀, yóò ṣẹ́ wáyà tuntun náà bó ṣe ṣẹ́ ti àkọ́kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Mọ̀pá. Láàpútọ́ọ̀pù mi kò ju ọdún kan lọ. Tí mo bá ń ka ìwé lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ á kú, iná bọ́tìnnì rẹ̀ á wá máa ṣẹ́jú. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń padà síbi tí mo ti dúró. Ó jọ pé ìgbà tí fóònù mi bá wà nítòsí ló máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ní àlá ni mò ń lá.

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe àlá, àbúrò wa. Mágínẹ́ẹ̀tì ni.

Bí ẹ bá pa ìdérí láàpútọ́ọ̀pù dé, kò ní ojú tó fi máa mọ̀ pé ẹ pa á dé. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà nínú ìdérí, ohun kan tó ń gbọ́ mágínẹ́ẹ̀tì sì wà lábẹ́ ibi tí ẹ ń gbé ọwọ́ lé nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀wé, lápá òsì tàbí lápá ọ̀tún. Bí méjèèjì bá pàdé, ẹ̀rọ á rò pé wọ́n ti pa òun dé, yóò sì sùn. Àpò fóònù oníwèé tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì padé, ẹ̀gbà ọwọ́ onímágínẹ́ẹ̀tì, sípíkà kékeré, tàbí láàpútọ́ọ̀pù mìíràn tí ẹ gbé tiyín lé lórí, gbogbo wọn lè tàn án jẹ. Ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò nítòsí fún ọjọ́ kan, kí ẹ wò ó. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ ti rí i, ẹ kò sì nílò atúnṣe.

Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ ṣí Control Panel, Power Options, kí ẹ tẹ "Choose what closing the lid does", kí ẹ sì yí i sí "Do nothing" fún bátìrì àti fún ìgbà tí ó wà lórí iná. Tí kò bá sùn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó ń gbọ́ mágínẹ́ẹ̀tì náà ló ti bàjẹ́. Ẹ lè máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ, pípa ìdérí dé kò ní mú un sùn mọ́. Ẹ máa pa ẹ̀rọ fúnra yín kí ẹ tó tì í sínú báàgì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa gbóná níbẹ̀ láti Mọ̀pá títí ẹ ó fi délé.

ÌBÉÈRÈ: Ojú tèmi máa ń dúdú lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí n kò bá fọwọ́ kàn án, àgàgà tí kò bá sí lórí iná. Tí mo bá fọwọ́ kan máòsì, ó dé. Ògìdì ni mo wà.

ÌDÁHÙN: Ìlànà ìfibátìrìpamọ́ Windows nìyẹn. Kò bàjẹ́. Ẹ lọ sí Settings, System, kí ẹ wá Power, kí ẹ sì fi kún àkókò tó kọ sí iwájú síkíríìnì.

ÌBÉÈRÈ: Ìsánlú ni mo wà, mo ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti fọ́tókọ́pì. Láàpútọ́ọ̀pù tí mo fi ń tẹ̀wé máa ń kú pátápátá tí iná nẹ́pà bá wálẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí tí a bá ń yí sí jẹnẹrétọ̀. Iná bọ́tìnnì rẹ̀ pàápàá kì í tàn mọ́. Iṣẹ́ oníbàárà ń ṣòfò. Ṣé síkíríìnì ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ọ̀gá wa. Ẹ̀rọ tí iná bọ́tìnnì rẹ̀ kú, tí fáànù rẹ̀ dúró, kò ní ìṣòro ojú. Kò rí iná jẹ ni. Bátìrì yín ló ti kú, tí ẹ kò mọ̀, torí orí iná ló máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́.

Ẹ yí ṣájà yín padà kí ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. INPUT rẹ̀ á sọ pé 100-240V. Bí iná bá já wá sísàlẹ̀ 100V, ṣájà kò ṣe ìlérí mọ́, ó lè gé. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn ló yẹ kí bátìrì fi gbé ẹ̀rọ. Bátìrì tó dára ló ń ṣe iṣẹ́ UPS fún láàpútọ́ọ̀pù. Láti mọ bí tiyín ṣe rí, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ tẹ Enter. Yóò sọ ibi tó kó ìwé àlàyé bátìrì sí. Ẹ ṣí i, kí ẹ wá "Design capacity" àti "Full charge capacity". Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 48,000 mWh, tí ìkejì wá jẹ́ 14,000, ó ku díẹ̀ kí ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tó ní nígbà tó wà ní tuntun. Ìdajì sísàlẹ̀, ẹ ti ń wá òmíràn nìyẹn. Bí bátìrì bá sì ti wú, tí ibi tí ẹ ń gbé ọwọ́ lé ti ń ga sókè, ẹ dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró lónìí. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà.

Ẹ wo OUTPUT ṣájà náà pẹ̀lú. 19.5V àti 3.33A jẹ́ wáàtì 65. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ 65 tí ẹ wá fi ṣájà 45 sí, ó lè máa gé nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ púpọ̀, tó sì tún ń gba iná sínú bátìrì. Volt gbọ́dọ̀ bá ohun tí ẹ̀rọ béèrè mu. Ampere lè ju ti àtijọ́ lọ, kò léwu, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín. Ṣájà àdàmọ̀dì tó kọ 65 sára tí kò sì lè gbé 65 wà lọ́jà, ẹ sì máa mọ̀ ọ́n bó bá fúyẹ́ ju èyí tó bá ẹ̀rọ wá lọ, tó sì ń gbóná tí ọwọ́ kò lè gbà á.

Ní ti jẹnẹrétọ̀: ẹ tan án, kó sáré fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta kí ẹ tó so láàpútọ́ọ̀pù mọ́ ọn. Ẹ yọ ọ́ kí epo tó tán, nítorí bí epo bá ti ń lọ sópin, jẹnẹrétọ̀ á máa fà, á máa sáré, iná á sì máa lọ sókè sódò. Bákan náà, bí nẹ́pà bá mú iná lọ, ẹ yọ ṣájà lára ògiri. Iná tó bá ń padà bọ̀ ló máa ń bá agbára ńlá wọlé. Ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó dá a padà.

ÌBÉÈRÈ: Ìyàrá ni mo ti ń kọ̀wé. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni láàpútọ́ọ̀pù mi ti ń pariwo. Mo máa ń lò ó lórí ibùsùn. Kò ní pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á pa. Kì í tàn títí yóò fi tutù.

ÌDÁHÙN: Ooru ló ń pa á, ó sì ń pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Bí ọkàn ẹ̀rọ náà (CPU tó ń ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀) bá fẹ́ kan nǹkan bí 100°C, ó ní àṣẹ láti gé iná fúnra rẹ̀. Eruku ọyẹ́ a máa gba abẹ́ wọlé, fáànù a máa fà á lọ sí ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde, á sì di bíi fọ́ọ̀mù síbẹ̀. Ibùsùn wá dí ihò ìsàlẹ̀. Ẹ gbé e kúrò lórí ibùsùn lónìí, ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ fi ohun tó ga tó sẹ̀ǹtímítà méjì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ nu inú rẹ̀. Ẹ yọ ṣájà, ẹ ṣí ìsàlẹ̀, ẹ yọ orí wáyà bátìrì. Nínú ọyẹ́, ara ènìyàn a máa kó iná tí kò ṣeé rí. Ẹ fọwọ́ kan irin kan, bíi irin fèrèsé, kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Ẹ fi igi ìtayín kan di abẹ fáànù mú kó má yí, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ ìfẹ́ eruku fẹ́ ihò náà láti ìta wọ inú, lẹ́yìn náà láti inú sí ìta. Bí ẹ bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa yí fáànù ní àyíjù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bá a wọlé.

Bó bá ti pé ọdún mẹ́ta tí wọn kò ṣí i, ọ̀rá funfun tàbí aláwọ̀ eérú tó wà láàárín ọkàn ẹ̀rọ àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀ á ti gbẹ. Ẹ fi isopropyl alcohol (ọtí tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ) tó tó ìdá 90 nínú 100 nù ún mọ́ lójú méjèèjì. Ẹ kán tuntun sí i, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan péré. Ẹni tó bá kún un yóò bà á jẹ́ ni, torí yóò ṣàn jáde. Súkúrù irin náà sábà máa ń ní nọ́ńbà 1, 2, 3, 4 lára. Ìtò yẹn ni kí ẹ fi dì í, kí ẹ dì í díẹ̀díẹ̀ yí ká, kí ẹ má di ọ̀kan tán kí ẹ tó kan èkejì.

ÌBÉÈRÈ: Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní Ẹ̀gbẹ̀. Windows tún ara rẹ̀ ṣe lálẹ́, láti àárọ̀, tí mo bá ti tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé mi tán, òkùnkùn ló ń dé. Àmì máòsì nìkan ló ń rìn nínú rẹ̀.

ÌDÁHÙN: Àmì máòsì yẹn fi hàn pé síkíríìnì yín ń ṣiṣẹ́. Windows ni kò gbé ojú iṣẹ́ yín jáde. Ẹ tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ á dún pí, ojú á ṣẹ́jú: èyí ń tún ètò tó ń darí àwòrán bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc. Bí Task Manager bá jáde, ẹ tẹ "Run new task", ẹ kọ explorer.exe, ẹ tẹ Enter. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ojú iṣẹ́ yín á padà.

Bó bá tún ṣe é nígbà tí ẹ bá tàn án, driver (ètò tó ń darí àwòrán yẹn) tí Windows gbé wá ni kò bá ẹ̀rọ mu. Nínú Device Manager, ẹ ṣí Display adapters, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún máòsì sórí orúkọ tó wà níbẹ̀, Properties, Driver, Roll Back Driver. Bí ẹ kò bá lè dé ibẹ̀ nítorí òkùnkùn, ẹ gba Safe Mode wọlé, níbi tí Windows ti ń ṣí pẹ̀lú ìwọ̀nba ètò tí kò lè ṣe kó má ní: ẹ tan ẹ̀rọ, bí Windows bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì títàn mọ́lẹ̀ títí yóò fi kú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, ojú ewé ìtúnṣe á ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ yan Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ wá tẹ 4. Ó lè béèrè nọ́ńbà BitLocker (kọ́kọ́rọ́ tí Windows fi ti ohun inú ẹ̀rọ pa), ẹyọ nọ́ńbà 48. Ó wà nínú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi ṣí ẹ̀rọ náà, ẹ lè fi fóònù wò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ohun inú ẹ̀rọ yín rẹ́ nítorí pé kò mọ ibi tí nọ́ńbà náà wà.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi kì í tilẹ̀ fi nǹkan kan hàn. Fáànù ń sáré, iná Caps Lock ń ṣẹ́jú. Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ẹ ka iye ìgbà tó ń ṣẹ́jú kó tó sinmi, kí ẹ wò ó nínú ìwé ẹ̀rọ náà, torí ó ń sọ ohun tó ń ṣe é ni. Kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn, ẹ yọ ṣájà àti bátìrì, ẹ tẹ bọ́tìnnì títàn mọ́lẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ wá so ṣájà nìkan, kí ẹ tàn án. Bí kò bá yí padà, ẹ tún yọ iná, ẹ yọ RAM. Ẹ fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsùlù rẹ́ ra ibi tó rí bíi wúrà lára rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra, ẹ gbọn ẹ̀rún rọ́bà náà nù, ẹ tì í padà títí ẹ ó fi gbọ́ tó dún kọ́. Bí RAM bá jẹ́ méjì, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ihò kan náà. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti kú, kó má jẹ́ kí èkejì ṣiṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Kàbbà. Mo yí síkíríìnì oníbàárà kan padà. Tuntun náà kò tan iná, àmọ́ tí mo bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mo ń rí àwòrán nínú rẹ̀. Mo dá ti àtijọ́ padà, ti àtijọ́ náà kò tàn mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilà ló wà lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń tàn. Kí ló ṣẹlẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò wa, bátìrì wà lórí bọ́ọ̀dù nígbà tí o fa wáyà síkíríìnì yọ tàbí nígbà tí o dá a padà. Wàá sọ pé o pa ẹ̀rọ. Pípa á kò tó. Nínú orí wáyà oníhò 30 yẹn, iná ẹ̀yìn ní ọ̀nà tirẹ̀, agbára tó ń gba ibẹ̀ sì lè tó ti bátìrì tàbí kó tó 19V, nígbà tí àwọn ihò ìyókù ń gba 3.3V sísàlẹ̀. Bí orí wáyà bá wọlé ní ẹ̀gbẹ́ nígbà tí agbára ṣì wà níbẹ̀, irin kan á kan èkejì, fíúsì iná ẹ̀yìn á sì jó lójú ẹsẹ̀. Àwòrán ní ọ̀nà mìíràn, ìdí nìyẹn tí o fi ń rí i nínú òkùnkùn.

Yọ ṣájà àti bátìrì. Wá ibi tí wáyà síkíríìnì ti wọ bọ́ọ̀dù. Nítòsí rẹ̀, wàá rí ohun pẹlẹbẹ kékeré kan tí wọ́n kọ F tàbí PF àti nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò tó hóró ìrẹsì. Gbé mítà sí ibi tó máa ń dún, fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan orí rẹ̀ méjèèjì. Bó bá dún, tó sì sún mọ́ òdo ohm, fíúsì yè. Bí kò bá dún, ó ti jó.

Má fi wáyà so ó kọjá. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú á tàn, oníbàárà á lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí nǹkan bá tún kan ara wọn níbẹ̀, bọ́ọ̀dù ni yóò jó dípò fíúsì. Ra irú rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ampere kan náà. Kó o tó lẹ̀ ẹ́, yọ wáyà síkíríìnì, kí o fi mítà wọn láti ẹsẹ̀ fíúsì tó lọ sí síkíríìnì dé ibi tí bọ́ọ̀dù ti kan irin ara ẹ̀rọ. Bí mítà bá fi òdo tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn hàn, nǹkan kan ṣì ń kan ara wọn lórí bọ́ọ̀dù, tuntun tó o bá fi sí i á jó bíi ti àkọ́kọ́. Wá ìyẹn kọ́kọ́. So wáyà náà padà láìsí síkíríìnì lórí rẹ̀, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá wá di òdo nígbà yẹn, inú wáyà ló wà.

Yẹ síkíríìnì tuntun náà wò pẹ̀lú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀ wà. NT156WHM jẹ́ ínṣì 15.6, 1366 sí 768. NT156FHM jẹ́ ínṣì kan náà, 1920 sí 1080. Ka ihò rẹ̀, kí o sì wo ibi tí etí tí wọ́n ń fi súkúrù dè wà, bóyá òkè àti ìsàlẹ̀ ni tàbí kò ní rárá.

Nígbà tó o bá fẹ́ dá síkíríìnì padà: bátìrì kúrò lórí bọ́ọ̀dù, bọ́tìnnì títàn mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí agbára tó kù lè tán. Dojú síkíríìnì dé lórí aṣọ rírọ̀. Ṣí téèpù tó bo orí wáyà, gbé irin tín-ín-rín tó dì í mú sókè, kí o sì tì í wọlé ní títọ́, ní ìbú síkíríìnì, pẹ̀lú ìka méjì lápá méjèèjì, má di wáyà rẹ̀ mú fà á. Da irin náà padà, lẹ téèpù rẹ̀. Síkíríìnì àtijọ́ tó ní ilà yẹn ni kó o fi kọ́kọ́ dán bọ́ọ̀dù wò. Bí ìyẹn bá tàn, pa ẹ̀rọ, tún yọ bátìrì, kó o tó so tuntun mọ́ ọn.